Ibi tí Máàpù Fi Wọ́n Sí

Orí tábìlì ni Ààrẹ Oyèlárán ti ja gbogbo ogun tó jà. Tábìlì náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìlàré, nílùú Ifẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó lórí, ó sì máa ń fi aṣọ ìnujú ara rẹ̀ nù ún kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ní ọdún 1997, nígbà tí ogun àwa àti àwọn aládùúgbò wa tún gbiná, tí àwọn tó ti ń ra epo lọ́wọ́ ara wọn ń fi ìbọn dọdẹ ara wọn nínú oko kòkó, ẹsẹ̀ Ààrẹ kò kan ẹrẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó kàn án ni mo fẹ́ ròyìn.

Èmi Mojíre, kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun dé, àwọn àgbẹ̀ sá wálé, kòkó jẹrà sórí igi, wọ́n sì fi èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan ní Ìlàré ṣe alásè fún àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀wà là ń sè lójoojúmọ́. Mo rántí òkúta inú ẹ̀wà yẹn. Mo rántí igi tútù tó ń rú èéfín sí wa lójú títí ojú ẹlòmíràn fi wú. Mo rántí pé ẹ̀wà àwọn ìgbìmọ̀ kì í ní òkúta, nítorí pé wọ́n ní kí a máa ṣa tiwọn lọ́tọ̀.

Ìdí ààrò yẹn ni Tahir ti bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tahir ni awakọ̀ Ààrẹ. Ọmọ Ẹdẹ ni, àbúrò Ràódàt tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ni. Nítorí pé ìlú tirẹ̀ kò sí nínú ìjà náà, ó máa ń ráyè kọjá níbi tí ọmọ Ifẹ̀ kò lè gbà. Ó lóṣòó tì mí, mo sì ti mọ̀ pé ohun tó mú wá kò dára. Ó ní Ọdẹ́wálé, ẹ̀gbọ́n mi, já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ní abà, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ará abà yòókù ti sá lọ. Ràódàt nìkan ló kù tì í, kò sì lè dá a gbé. Àwọn tí a ń bá jà ń sun àwọn abà etí odò Olómitútù lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ odò bọ̀ lókè, kò sì ní í pẹ́ tí wọ́n á fi kan tiwa.

"Àǹtí, mo fẹ́ gbé e sẹ́yìn," Tahir ní. "Ó kígbe, mo sì gbé e padà sílẹ̀. Ó gba ènìyàn mẹ́rin àti nǹkan tó tẹ́ pẹrẹsẹ."

Abà Ọláfimíhàn ni abà wa ń jẹ́. Ọláfimíhàn ni ó bí bàbá tó bí bàbá mi. Ìhà tiwa níbí, létí odò, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn awagóòlù wá gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, wọ́n da ẹrẹ̀ sínú omi, kòkó kú, ọmọdé ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Bàbá bàbá mi kó gbogbo ará abà sọdá odò, ó sì ṣe bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń ṣe: ó gé ẹ̀ka pèrègún tó wà lójú ìloro, ó lọ gbìn ín sí ibi tuntun, orúkọ abà sì bá pèrègún lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, abà kì í ṣe ilẹ̀. Àwọn ènìyàn ni abà. Bí wọ́n bá ṣí, orúkọ á bá wọn ṣí, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ á sì máa jẹ́ ahoro. Kò sí ẹni tí a bí ní Ìlàré tí kò mọ èyí. Ààrẹ Oyèlárán mọ̀ ọ́n. Ó ti jẹ ẹran ìgbẹ́ ní abà wa, ní òdìkejì odò, ó sì di èyí tó ṣẹ́kù lọ sílé.

Mo gbé àwo ẹ̀wà wọ pálọ̀, mo gbé e kalẹ̀, mi ò jáde. Àwọn ìgbìmọ̀ ń jiyàn nígbà náà lórí ẹni tí yóò jókòó sí apá ọ̀tún Ààrẹ ní Ẹnuwá, níwájú ààfin, lọ́jọ́ tí a bá ṣẹ́gun. Mo kúnlẹ̀ títí àríyànjiyàn náà fi rọlẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọkùnrin díẹ̀ tó lè gbé aláìsàn. Àwọn kan mi orí, wọ́n ní ó mà ṣe o. Ọwọ́ wọn ti wà nínú ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n ojú Ààrẹ là. Kì í ṣe orúkọ Ọdẹ́wálé ló là á lójú, orúkọ abà ni.

"Abà Ọláfimíhàn," ó ní. "Ó wà nínú máàpù."

Ó ní kí wọ́n kó ẹ̀wà kúrò lórí tábìlì. Fúnṣọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ogun náà kò ju kí ó máa ki Ààrẹ lọ, wọ yàrá lọ, ó gbé agolo gbọọrọ kan jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì ń ki olówó rẹ̀ bọ̀: "Oyèlárán, ọmọ ajókòó-ṣẹ́gun-ẹni-tó-dúró, ọmọ awo-ìwé-mọ-jíjìn-odò." Wọ́n fa máàpù náà yọ, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì fi obì tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó ti gbó ju ẹnikẹ́ni tó wà ní pálọ̀ náà lọ. Àwọn òyìnbó awọnlẹ̀ ló yà á nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí rélùwéè máa gbà àti ibi tí góòlù wà. 1898 ni wọ́n kọ sí igun rẹ̀. Wọ́n lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà kí ó má baà ya. Ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí ara wọn po ni wọ́n fi ya àwọn òkè, ó dà bí ìlà tó wà lórí àtàǹpàkò. Odò dúdú bí aró. Níbi tí góòlù bá wà, wọ́n ya òòlù méjì tó dábùú ara wọn. Láti ìwọ̀-oòrùn wá ni ìlà pupa kan ti la àárín rẹ̀ kọjá, ó gun òkè, ó la àbàtà, ó sọdá odò, kò yà fún ohunkóhun. Rélùwéè nìyẹn. Rélùwéè náà kò wá. Òṣogbo ló gbà lọ. Bàbá bàbá Ààrẹ ló ru ẹrù fún àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan nígbà tí wọ́n ń padà lọ. Ìwé ló rí gbà fún ọrùn tó wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ń yangàn.

Ààrẹ fi ìka tọ ìlà pupa náà lọ títí ó fi kan orúkọ bàbá ńlá mi, bí òyìnbó ṣe kọ ọ́. Ó wà ní ìhà tiwa létí odò, òòlù méjì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

"A ó lọ gba Abà Ọláfimíhàn," ó ní. "Èmi fúnra mi ni n ó ṣíwájú."

Akínkúnlé, olórí àwọn ọdẹ, wà nídìí ògiri. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó wúkọ́.

"Ààrẹ, àwọn ará abà yẹn ti sọdá láti ayé bàbá bàbá wọn. Ahoro ló wà níbi tí ìka yín wà yẹn."

Ààrẹ kò gbé ìka náà kúrò. "Ta ló ní kí wọ́n sọdá?"

"Omi ló bàjẹ́."

"Mo ní ta ló ní kí wọ́n sọdá. Ṣé òyìnbó kọ ọ́ síbí pé wọ́n sọdá?"

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọ́n sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí ogun bá parí, ìjọba á gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ìhà kọ̀ọ̀kan á sì mú ìwé rẹ̀ wá. Máàpù yìí ni ìwé tiwa. Bí àwa fúnra wa bá gbà pé abà ti sọdá odò, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ á di ilẹ̀ aláìlólúwa, àwọn ọ̀tá á sì gbà á tòun ti góòlù inú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ogun wa kan kò gbọdọ̀ sọdá odò lọ wá ẹnikẹ́ni.

"Ibi tí máàpù bá fi wọ́n sí, ibẹ̀ ni wọ́n wà," ó ní. "Ibẹ̀ la ó ti lọ gbà wọ́n."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ti funfun ni. Wọ́n ń wo obì tó wà lórí máàpù.

"Bàbá, itan ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ́," mo ní. "Òdìkejì odò ni itan náà wà."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín. "Mojíre, mo gbọ́ pé o lọ sí iléèwé alẹ́. Wọn ò kọ́ yín ní máàpù níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e.

"Wọ́n kọ́ wa, Bàbá. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ máa wo ọdún tí wọ́n yà á."

Ó ní kí n kó àwo mi jáde.

Akínkúnlé bá mi lẹ́yìnkùlé. Mo ti ń bínú sí i, nítorí ó ti dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó ní kí n má bínú. Ó rán mi létí pé nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, òun àti gbogbo ọdẹ lá irin lójú Ààrẹ, wọ́n sì búra pé àwọn á tẹ̀lé e dé ibi tó bá ń lọ, àwọn ò ní í fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọdẹ tó bá da irin, igbó ò ní í jẹ́ kó bọ̀.

"Ibi tó ń lọ ni ahoro," ó ní. "Bí a bá ti mú un débẹ̀, ìbúra mi ti pé. Ohun tí ẹsẹ̀ mi bá ṣe lẹ́yìn náà, èmi ni mo ni í. Di oúnjẹ rẹ, kí o bá wa lọ."

Lọ́jọ́ kejì ni a gbéra. Ààrẹ ní a gbọ́dọ̀ gba Ẹnuwá kọjá kí aráyé lè rí wa, bẹ́ẹ̀ Ẹnuwá kò sí lójú ọ̀nà. Ó wà nínú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀ pẹ̀lú agbádá, agolo máàpù wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, Tahir ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwa tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lè bá a. Àwọn obìnrin díẹ̀ tó ṣì ń tajà níbẹ̀ wò wá. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òkú la fẹ́ lọ sin. Mo ní rárá, mo ní a fẹ́ lọ gba abà. Ó wo agbádá inú ọkọ̀, ó sì padà sídìí iyọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà àwọn onígẹdú parí sí ni a fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí. Ààrẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Láti ibẹ̀, ọ̀nà oko kan wà tó lọ tààrà sí odò, gbígbẹ, fífẹ̀. Ọ̀nà tí mo ti ń gbé kòkó jáde láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge ni. Ààrẹ kọ̀ ọ́. Ó ní àwọn ọ̀tá mọ̀ ọ́n. Ó ní ojú ọ̀nà rélùwéè la ó tọ̀, nítorí pé òyìnbó ti wọ̀n ọ́n, kò sì sí ibi tí òyìnbó wọ̀n tí ènìyàn máa sọnù sí.

Báyìí ni a ṣe tẹ̀lé ìlà pupa wọ inú àbàtà. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi òsì, n kò rí i mọ́ títí di òní. Bàtà onírọ́bà aláwọ̀ ewé ni. Koríko etí omi ń gé wa lápá bí abẹ. Gaàrí tí mo rù mu omi, ó wú, ó wúwo, mo sì rù ú bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun nìkan ni oúnjẹ àwa tó kù. Àwo ẹ̀wà tí kò ní òkúta wà lórí ẹlòmíràn, ti Ààrẹ ni. Fúnṣọ́ ru àga Ààrẹ sórí. Níbi kan, ilẹ̀ là lábẹ́ rẹ̀, òun àti àga sì wọ inú kòtò àwọn awagóòlù àtijọ́ lọ pátápátá. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Ààrẹ béèrè bóyá àga náà kò kán.

Nígbà tó yá, Ààrẹ dúró, ó ṣí máàpù, ó wo igbó yíká. Ó ní kí a gbé àga kalẹ̀. Àmì kékeré kan wà lórí ìlà pupa náà níbẹ̀.

"Ibí ni stéṣọ̀n," ó ní, ó sì jókòó.

Àyànlọ́wọ̀ wà lẹ́yìn mi. Káfíńtà ni ní Ìlàré, èmi ni mo sì ní kó mú okùn àti òòlù dání nítorí Ọdẹ́wálé. Ó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ààrẹ, àwa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Ṣé ọkọ̀ ti kọjá ni, àbí ó ṣì ń bọ̀?"

Akínkúnlé pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè rẹ́rìn-ín. Ààrẹ mu omi rẹ̀ tán ní stéṣọ̀n, a sì tún gbéra.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ahoro. Pèrègún àtijọ́ wà níbẹ̀, ó ti ga ju ilé lọ. Ibojì Ọláfimíhàn wà nídìí rẹ̀, èéfọ́ ìkòkò wà káàkiri, kò sì sí ènìyàn, kò sí ọ̀tá, kò sí adìyẹ. Ààrẹ tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí ibojì náà, ó wo máàpù, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ayọ̀. Ó ní a ti gba Abà Ọláfimíhàn. Ó pàṣẹ kí àwọn ọdẹ yìnbọn sókè kí ayé lè gbọ́.

Akínkúnlé ní àwọn tó wà lódìkejì á gbọ́.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́," Ààrẹ ní.

Wọ́n yìn ín. Ẹyẹ fò. Èéfín bo ahoro. Akínkúnlé tún ìbọn rẹ̀ kì, ó ṣí fìlà.

"Ààrẹ, ibi tí ẹ ní kí a mú yín dé rèé. Mo fẹ́ lọ wo bóyá mo lè rí ẹran pa."

Ààrẹ fi ọwọ́ dá a lóhùn. Ó ti ń wá ibi tí wọ́n á gbé àga sí. Àyànlọ́wọ̀ tẹ̀lé Akínkúnlé, Tahir tẹ̀lé e, ọdẹ méjì tẹ̀lé e, èmi náà tẹ̀lé wọn. A gba inú omi tó kàn mí láyà, a sì jáde sí òdìkejì, sí abà tí a bí mi sí.

Ràódàt wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Ó mọ̀ wá tán kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti fi ọmọ odó méjì há itan ọkọ rẹ̀, ó sì fi gèlè rẹ̀ dì wọ́n. Ọdẹ́wálé gbóná bí ẹ̀yìn ààrò. Ó pe orúkọ mi, ó sì béèrè bóyá mo jẹun.

"Ìbọn tó ń dún lẹ́ẹ̀kan," Ràódàt bi àbúrò rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ yìn ín?"

Tahir ní àwa ni.

"Láti ìgbà tó ti já bọ́, mi ò dáná lọ́sàn-án kí wọ́n má baà rí èéfín. Ẹ wá pè wọ́n fún wa."

Àyànlọ́wọ̀ ti ń yọ ìlẹ̀kùn kúrò lára férémù. A gbé Ọdẹ́wálé lé e lórí, a fi okùn dì í, ó jẹ apá ẹ̀wù oko rẹ̀ mọ́ ẹnu kó má baà ké.

Inú odò ni àwọn ọ̀tá ti bá wa. Ìró ìbọn náà ló júwe wa fún wọn. Ìjà náà kò pẹ́: èéfín tú jáde láti inú ọparun nísàlẹ̀ odò, Akínkúnlé dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ọdẹ kejì dá a padà, wọ́n sì dákẹ́. A ti wà láàárín omi nígbà yẹn. Àyànlọ́wọ̀ ló di igun ìlẹ̀kùn mú níwájú mi. Mo rí i tó dúró. Kò sọ igun náà sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, títí mo fi sún mọ́ ọn tí mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ ìlẹ̀kùn náà. Ìgbà yẹn ló tó yọ̀ǹda ọwọ́, omi sì gbé e. Tahir ló dì í mú.

Ẹ̀wà ni Ààrẹ ń jẹ nígbà tí a gbé àwọn méjèèjì dé ahoro. Ó dìde. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ó ṣí fìlà fún òkú, ó sì fi ojú wá ibi tí yóò wò. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọgbọ́n rẹ̀ fi padà dé. Ó ní kí a sin Àyànlọ́wọ̀ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláfimíhàn. Ó ní ibojì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ á jẹ́ ẹ̀rí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé àwọn ènìyàn wa kò kúrò níbẹ̀ rí.

"Ìyá rẹ̀ wà ní Ìlàré, Ààrẹ," Akínkúnlé ní.

"A ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé akọni ni."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọdẹ́wálé. Ó yọ àdá ìbúra jáde, irin kan náà tí àwọn ọdẹ lá nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Ọdẹ́wálé lá a lójú gbogbo wa, kí ó sì búra pé ibí yìí ni abà òun, ibí yìí ni òun ń gbé, ibí yìí ni a ti rí òun. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ pikọ́ọ̀pù láti àpò, ó mú un sókè kí a lè rí i. Ó ní tó bá ti lá a, wọ́n á gbé e dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbogbo wa mọ ohun tí irin jẹ́. Bí Ọdẹ́wálé bá lá a, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ oko tó wà lódìkejì nù, oko tí bàbá bàbá wa gbìn, tí bàbá wa kú sí. Bí kò bá sì lá a, ọ̀nà jìn, ara rẹ̀ sì gbóná. Mo fẹ́ kó lá a. N kò ní í purọ́. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí a sọ òun kalẹ̀. Ó fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè, ó sì ní kí Ààrẹ jọ̀ọ́ fi ilé òun han òun nínú máàpù. Ààrẹ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá, inú rẹ̀ dùn, ó fi ìka kan orúkọ náà.

"Ibẹ̀ ni mo wà?" Ọdẹ́wálé béèrè.

"Ibẹ̀ gan-an ni o wà."

"Ààrẹ, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yẹn ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òun lẹ tẹ́ máàpù lé lórí yìí. Ẹ fún un ní irin kó lá."

Ó padà dùbúlẹ̀, ó sì ní kí a gbé òun.

Akínkúnlé ló kọ́kọ́ tẹ̀ba mú igun ìlẹ̀kùn. Ààrẹ pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ó sì na àdá ìbúra sí i. Akínkúnlé kò gbé ohùn sókè.

"Mo búra pé n ó tẹ̀lé yín dé ibi tí ẹ bá ń lọ. Ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ kú ìsinmi."

Tahir mú igun kejì. Ọdẹ méjì gbé Àyànlọ́wọ̀, wọ́n fi ẹ̀wù bò ó lójú. Àwọn tó kù wo ara wọn, wọ́n wo àga, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdágbére. Ọ̀nà oko gbígbẹ ni a gbà. Nígbà tí a dé ìdí pikọ́ọ̀pù, ó wà níbẹ̀ bí a ṣe fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Ààrẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà sì wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn Ọdẹ́wálé. A kọjá lára rẹ̀. Èjìká ni a fi gbé àwọn méjèèjì dé Ìlàré, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Àyànlọ́wọ̀ sùn sí ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Itan ẹ̀gbọ́n mi so, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó sì máa ń dùn ún bí òjò bá ń bọ̀. Mo máa ń mọ̀ lára ìrìn rẹ̀ kí ìkùukùu tó dé.

Ṣùgbọ́n kí a tó jìnnà sí pikọ́ọ̀pù náà lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lẹ́yìn wa. Akínkúnlé fi ọwọ́ kan ìbọn. Fúnṣọ́ ni. Ẹrẹ̀ kòtò ti gbẹ mọ́ ọn lára, kò ru àga mọ́, kò sì ki ẹnikẹ́ni. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun gba igun tí mo dì mú, mo sì fún un.

Mo bi í pé ta ló kù lọ́dọ̀ Ààrẹ.

Ó ní kò sí ẹnìkankan. Ó ní Ààrẹ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, máàpù wà lórí itan rẹ̀, ó ń dúró kí a padà wá.

A rìn díẹ̀ sí i. Mo ronú sí máàpù yẹn, mo sì rí i pé mo gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán yẹn nìkan, kò purọ́. Ẹnìkan ń gbé Abà Ọláfimíhàn.